Ta ló ń ka orin tí ẹnikẹ́ni kò kọ mọ́? Iṣẹ́ Yvonne Rokseth lórí orin Faransé àtijọ́

Bí ẹnì kan bá sọ níbi àpèjẹ pé iṣẹ́ ìwádìí lórí orin Faransé ayé àtijọ́ lòun ń ṣe ní yunifásítì, ìbéèrè méjì ló máa ń tẹ̀ lé e. Èkíní: "Kí lẹ ń lù?" Èkejì: "Ẹ kọ díẹ̀ ká gbọ́." Mi ò bá ẹni tó béèrè wí. Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹni tó bá ń fi orin jẹun, yálà ó ń kọ ọ́ tàbí ó ń lù ú. Àmọ́ ẹnì kẹta wà nídìí orin tí a kì í sábà rí. Òun ló ń jókòó ti ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ sórí awọ ẹran ní nǹkan bí 750 ọdún sẹ́yìn, tó ń yẹ àmì inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó lè sọ fún olórin pé báyìí ni kí o kọ ọ́. Bí kò bá sí onítọ̀hún, olórin kò ní ohun tí yóò kọ.

Iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n ń fi í gba oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì ń fi í di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni bí ìwé orin kan ṣoṣo ṣe lè jẹ ọ̀pọ̀ ọdún nínú ayé ẹni tó mọ̀wé. Obìnrin kan ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, Yvonne Rokseth, nítorí pé lára iṣẹ́ tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìwé tó mú un wọ iṣẹ́ náà jinlẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ìwé náà kò lè mọ ohun tó ṣe.

Ìwé náà wà ní Montpellier, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, nínú ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dókítà, ẹ kò ṣì í gbọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀ ni H 196. Ọ̀tẹ̀ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1789 ló gbé ìwé orin dé àárín ìwé ibà àti iṣẹ́ abẹ. Ìjọba tuntun gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá àti lọ́wọ́ ilé àwọn mọ́ǹkì, ìwé wá kún ilẹ̀ káàkiri. Dókítà kan tó ń jẹ́ Gabriel Prunelle ń lọ láti ibì kan dé ibòmíràn, ó ń ṣa ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà. Ó fẹ́ràn ìwé dénú, kì í sì í ṣe ìwé ìṣègùn nìkan ló ṣà. Ìwé orin yìí, tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Bouhier ní ìlú Dijon, wà lára ohun tó bá ẹrù dé Montpellier. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn yẹn lè wá orin Paris títí ọdún yóò fi yí, kò ní ronú kan ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Ìwé kékeré ni, èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e. Ewé rẹ̀ tó nǹkan bí 400, ó pín sí apá mẹ́jọ, orin inú rẹ̀ sì lé ní 300. Ìdajì kejì ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Irú orin tó kún inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní motet, ibẹ̀ sì ni ojú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti máa ń ṣú.

Nínú motet, ohùn méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, ń kọrin pa pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yàtọ̀ síra. Ohùn ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tenor, sábà máa ń gé díẹ̀ mú nínú orin Látìnì tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á sì máa kọ ọ́ ní àkọtúnkọ. Lórí ìyẹn ni ohùn kejì ti ń kọ ewì kan, tí ohùn kẹta sì ń kọ ewì mìíràn pátápátá lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan máa yin Màríà Wúńdíá ní èdè Látìnì, kí èkejì máa sunkún olólùfẹ́ rẹ̀ ní èdè Faransé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè pè é ní ariwo. Àmọ́ bó bá tún un gbọ́, yóò rí i pé àwọn ewì náà ń dá ara wọn lóhùn, pé ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan sọ ní òkè ni èkejì ń tú nísàlẹ̀.

Ọ̀kan nìyí, ní apá keje ìwé náà. Ohùn òkè bẹ̀rẹ̀ báyìí: On parole de batre. Ó ní àwọn kan ń sọ̀rọ̀ pípa ọkà, fífẹ́ ọkà àti ilẹ̀ gbígbẹ́, òun kò fẹ́ràn ìyẹn rárá. Ayé tó wu òun ni èyí tó ní wáìnì tó mọ́ gaara àti adìyẹ tó sanra, kí òun wà láàárín ọ̀rẹ́ ní Paris. Ohùn kejì gbà á lẹ́nu rẹ̀: A Paris, láàárọ̀ àti lálẹ́, búrẹ́dì tó dára wà níbẹ̀, wáìnì tó dára wà, ẹran àti ẹja tó dára wà. Ìsàlẹ̀ ni ohun ìyanu wà. Níbi tó yẹ kí orin ṣọ́ọ̀ṣì wà, ìpolówó ọjà ni a bá: Frese nouvele! Muere france! Sitirọ́bẹ́rì tuntun rèé o, èso dúdú tó dára rèé o! Ẹni tó ṣe orin náà mú igbe ẹni tó ń kiri èso ní òpópónà Paris, ó fi ṣe ìpìlẹ̀, ó sì ń tún un pè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti lé ní 700 ọdún tí ẹni tó ń kiri èso yẹn ti kú, ìpolówó rẹ̀ ṣì ń dún. Mi ò tíì gbọ́ orin yìí rí kí orí mi má wú.

Báwo wá ni ó ṣe ń dún? Ìbéèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́ onímọ̀.

Lónìí, bí a bá kọ orin olóhùn mẹ́ta sílẹ̀, a máa ń to àwọn ohùn náà léra, kí ẹni tó ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ lè rí ohun tí kálukú ń kọ lákòókò kan náà. Ìwé Montpellier kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí orin bá jẹ́ olóhùn mẹ́ta, ohùn òkè sábà máa ń wà ní apá òsì ojú-ewé, ohùn kejì ní apá ọ̀tún, tenor ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ohùn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ gba àyè púpọ̀, èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ gba díẹ̀. Kò sí ìlà òró kéékèèké tó ń pín orin sí ìwọ̀n tó dọ́gba, èyí tí akọrin òde òní fi ń mọ ibi tó wà. Onímọ̀ ni yóò tú wọn kúrò níbi tí wọ́n wà, tí yóò tò wọ́n léra. Bó bá ka àmì kan gùn jù bó ṣe yẹ lọ, ohùn yẹn yóò yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù, wọn yóò sì máa forí gbárí títí orin yóò fi parí.

Mélòó wá ni gígùn àmì kan? Àmì onígun mẹ́rin tó ní ìrù ni wọ́n ń pè ní longa, òun ló gùn. Èyí tí kò ní ìrù ni brevis, òun ló kúrú. Títí dé ibẹ̀ kò le. Ṣùgbọ́n longa kì í dúró sójú kan. Bí longa mìíràn bá tẹ̀ lé e, ìwọ̀n brevis mẹ́ta ni yóò gbà. Bí ó bá jẹ́ pé brevis kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e kí longa mìíràn tó dé, brevis yẹn yóò yọ ìdá kan nínú tirẹ̀, yóò wá ku méjì. Àmì kan náà, ìrísí kan náà, gígùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Franco ti ìlú Cologne, onímọ̀ orin ìgbà náà, ló to òfin yìí sílẹ̀ kedere ní nǹkan bí 1280. Ọ̀pọ̀ orin inú ìwé Montpellier ti wà kí ó tó kọ ọ́, nígbà tí àṣà àtijọ́ ṣì wà lójú ọpọ́n. Nínú àṣà àtijọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe so àmì pọ̀ ni akọrin fi ń mọ gígùn wọn: ìdì kan tó ní mẹ́ta, kí ìdì tó ní méjì méjì wá tẹ̀ lé e, akọrin ti mọ̀ pé gígùn, kúkúrú, gígùn, kúkúrú ni yóò máa lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ sí irú orin bẹ́ẹ̀, sílébù kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ àmì tirẹ̀. Ìdì náà tú ká. Ohun tó ń tọ́ka gígùn sì bá a lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń jà lórí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Pierre Aubry ní Paris àti Jean Beck, ọmọ Alsace, agbègbè tó wà lẹ́bàá ààlà Faransé àti Jámánì, bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ gan-an lórí orin ìfẹ́ àwọn akéwì Faransé ayé àtijọ́, èyí tí àmì rẹ̀ kì í tilẹ̀ sọ gígùn rárá. Àwọn méjèèjì ní ìdiwọ̀n gígùn àti kúkúrú inú motet ni kí a fi kọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Ìjà náà gbóná débi pé nígbà tí idà ìdárayá ṣe Aubry léṣe tó sì kú ní ọdún 1910, tí kò tíì ju ẹni ọdún 36 lọ, àwọn èèyàn ń sọ ọ́ kiri pé ó ń múra láti bá Beck fi idà jà ni. Beck sọdá sí Amẹ́ríkà, ó sì ṣe olùkọ́ yunifásítì níbẹ̀. Nígbà tó di 1972, Hendrik van der Werf kọ̀wé pé ìdiwọ̀n yẹn kò bá irú orin ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ mu, pé bí ẹnu ṣe ń ké ewì ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Èmi gbà pẹ̀lú tirẹ̀.

Inú irú ayé yìí ni Yvonne Rokseth bọ́ sí. Wọ́n bí i ní Maisons-Laffitte nítòsí Paris ní ọdún 1890. Rihouët ni orúkọ ilé baba rẹ̀. Rokseth jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè tó jẹ́ onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ Faransé. Kì í ṣe ìdí ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ orin ní Conservatoire, ilé-ẹ̀kọ́ orin àgbà ní Paris, ó tún kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ orin mìíràn tó ń jẹ́ Schola Cantorum lọ́dọ̀ Vincent d'Indy àti Albert Roussel, ó sì kọ́ títẹ dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọ̀ Abel Decaux. Lẹ́yìn náà ló dé Sorbonne, yunifásítì Paris, ọ̀dọ̀ André Pirro, ẹni tó ń kọ́ni ní ìtàn orin níbẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí òun ló ń dáhùn ìbéèrè àwọn tó ń bi wá pé ṣé onímọ̀ yìí tilẹ̀ mọ orin. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kí ojú rẹ̀ tó máa ka ìwé àtijọ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fi hàn pé òun ti di ọ̀mọ̀wé, ìdí dùùrù ló ti wá. Ní 1925 ó tún ìwé dùùrù méjì ṣe jáde, èyí tí Pierre Attaingnant tẹ̀ ní Paris ní 1531. Ìwé yẹn ni Société française de musicologie fi ṣí ọ̀wọ́ ìwé orin tí ẹgbẹ́ náà ń tẹ̀ jáde. Ní 1930, ní ẹni 40 ọdún, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú iṣẹ́ lórí orin dùùrù ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹrìndínlógún.

Ẹ ó rò pé ẹni tó gba oyè ti dé ilé nìyẹn. Rárá. Ní ilẹ̀ Faransé ìgbà náà, yunifásítì tó ní ipò fún olùkọ́ ìtàn orin kò pọ̀ rárá, ẹni tó bá wà lórí ipò náà sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa dúró. Ilé-ìkàwé ni Rokseth ti ṣiṣẹ́ ní àkókò yẹn, ní ti Conservatoire àti ní Bibliothèque nationale, ilé-ìkàwé àgbà orílẹ̀-èdè náà. Àwọn kan lè pe ìyẹn ní ìfàsẹ́yìn. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń to ìwé orin, tó ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, tó ń fi ọ̀kan wé èkejì, ojú rẹ̀ ń mú sí iṣẹ́ náà lójoojúmọ́. Ní 1935, ó tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ọ̀mọ̀wé Romania, lórí àwọn obìnrin tó jẹ́ olórin láti ọ̀rúndún kejìlá dé ìkẹrìnlá. Nígbà yẹn, ìwọ̀nba ni ọ̀mọ̀wé tó ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí ìbéèrè.

Ọdún 1935 yẹn kan náà ni ìdìpọ̀ kìíní iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwé Montpellier jáde. Obìnrin olówó kan láti Ọsirélíà, Louise Dyer, ti dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Paris ní 1932, ó pè é ní L'Oiseau-Lyre. Ìwé orin àtijọ́ ló ń tẹ̀, ó ń ná owó sí i, ó sì ń fẹ́ kó lẹ́wà. Láìsí irú ẹni bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ilé ìtẹ̀wé tí ì bá gba iṣẹ́ náà, torí ìdìpọ̀ mẹ́rin ni. Ìkíní jẹ́ àwòrán fọ́tò ìwé náà ní ewé kọ̀ọ̀kan. Nínú ìkejì àti ìkẹta, Rokseth tò gbogbo orin náà léra ní àmì òde òní. Ìkẹrin, tó jáde ní 1939, ni àlàyé: ibi tí ewì kọ̀ọ̀kan ti wá, ìwé mìíràn tí orin kan náà wà, ohun tí òun rò nípa bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Àwọn tó bá ń sọ pé àdàkọ lásán ni irú iṣẹ́ yìí kò tíì gbìyànjú rẹ̀. Ronú kan orin ìpolówó èso yẹn, kí o sì ronú pé o fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ju 300 lọ, pé fún longa kọ̀ọ̀kan o gbọ́dọ̀ pinnu bóyá méjì ni tàbí mẹ́ta, kí o sì lè gbèjà ìpinnu náà níwájú ẹni tó mọ̀ ju ẹ lọ. Pé ó fi fọ́tò ewé ìwé náà ṣíwájú ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Ẹni tó bá rò pé ó ṣì í kà lè ṣí ìdìpọ̀ kìíní kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Kò fi ohunkóhun pamọ́.

Ìwé náà kò tíì parí nígbà tí ipò ṣí sílẹ̀. Ní 1937 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Strasbourg, níbẹ̀ ló sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Strasbourg kì í ṣe ìlú lásán fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tó wà lábẹ́ Jámánì, ibẹ̀ ni Friedrich Ludwig ti kọ́ni, ẹni tó tẹ ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ìwé atọ́ka rẹ̀ jáde ní 1910, níbi tó ti ka motet àtijọ́ ní ìwé dé ìwé. Kò sí ẹni tó lè wọ oko yìí láìgba ọ̀nà tó là. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Faransé gba ìlú náà padà, Ludwig sì kó lọ sí Göttingen. Nígbà tí Rokseth dé, ìlú tí ẹni tó to motet ti gbé ló wá kọ́ni nípa motet.

Ọdún méjì péré ló lò níbẹ̀ kí ogun tó dé. Ní 1939 wọ́n kó àwọn ará Strasbourg kúrò, yunifásítì náà sì ṣí lọ sí Clermont-Ferrand, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé. Jámánì gba Alsace, agbègbè tí Strasbourg wà, ní 1940. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ̀ láti padà sábẹ́ Hitler dúró sí Clermont, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wọ ẹgbẹ́ tó ń bá Jámánì jà ní ìkọ̀kọ̀. Rokseth wà lára wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1943, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ yunifásítì náà, wọ́n yìnbọn pa ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Collomp, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ sí àgọ́ ìyà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé bí ẹni pé ó kàn ń gun àkàsọ̀ láti oyè dé oyè, ó yẹ ká rántí pé àwọn ọdún tó yẹ kí obìnrin yìí fi kórè ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ibẹ̀ ló lò ó sí.

Lẹ́yìn ogun, yunifásítì náà padà sí Strasbourg. Rokseth kú níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1948, ní ẹni ọdún 58.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò kú, wọn kò sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Hans Tischler tún gbogbo ìwé Montpellier kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìtẹ̀jáde tirẹ̀ sì jáde ní Amẹ́ríkà láàárín 1978 àti 1985, pẹ̀lú ìtumọ̀ àwọn ewì náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní àwọn ibì kan ó ka àmì yàtọ̀ sí bí Rokseth ṣe kà á. Ẹ má rò pé ìyẹn sọ ẹni àkọ́kọ́ di aláìmọ̀kan. Bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ nìyẹn. Ní 2018, Catherine Bradley àti Karen Desmond kó àwọn onímọ̀ jọ, wọ́n sì ṣe odidi ìwé jáde lórí ìwé Montpellier kan náà. Apá kẹjọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sọ.